Aunty Kò Fẹ́ Kí Wọ́n Gbé Àwọn Sókè

Aunty tó ń gbé lókè wa ní Peckham, ní London, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn nu irin abẹ́ bàtà tí wọ́n fi ń jó lórí yìnyín. Wọ́n á ní, "Ọwọ́ mi nìkan ló mọ ẹnu ẹ̀." Àwọn àti Uncle kan ni wọ́n jọ gba ife-ẹ̀yẹ ijó orí yìnyín kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Uncle wá fẹ́ kí wọ́n padà síbi ìdíje.

Mo tẹ̀ lé wọn lọ síbi ìdánrawò. Àwọn méjèèjì fi etí ìta irin bàtà yí po lórí yìnyín láìmì. Ṣùgbọ́n bí Uncle ṣe di Aunty níbàdí láti gbé wọn sókè, Aunty já ara wọn gbà.

Mo ní, "Aunty, wọn ò ní gbà yín síbi ìdíje láìsí gbígbé sókè o!"

Aunty yíjú sí mi: "Ìwọ tó ń wò ó lórí fóònù, ta ló gbé ẹ sókè rí, tó wá jù ẹ́ sílẹ̀?"

Uncle jókòó, wọ́n ń tú okùn bàtà.

"Ìdánrawò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?" Aunty bi wọ́n.

Uncle bọ́ bàtà kejì, wọ́n kó méjèèjì sínú àpò.