Lẹ́tà tí Ofelia Kò Gbọdọ̀ Kà

Odindi ọdún kan ni Ofelia Barragán fi ro ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí òun yóò lọ. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì ti lo ọdún mọ́kànlá ní ilé ìwòsàn kékeré kan láàárín oko tòmátì ní Kalifóníà. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń kọ́ nọ́ọ̀sì títí yóò fi lè yẹ aláìsàn wò, kó sì kọ oògùn fún un. Àwọn mìíràn ń kọ́ni ní iṣẹ́ igbákejì dókítà. Ẹyọ kan péré, tó jìnnà tó wákàtí mẹ́ta, ló pa méjèèjì pọ̀, tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí méjì láàárín ọdún méjì. Ìyẹn ló yàn.

Dókítà Lindqvist, ọ̀gá rẹ̀, ṣèlérí pé òun yóò kọ lẹ́tà láti jẹ́rìí rẹ̀. Àpótí kékeré kan wà lórí fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ náà: ẹni tó bá sàmì sí i ti gbà pé òun kò ní ka lẹ́tà náà láéláé. Ofelia sàmì sí i. Ta ní í ṣọ́ ẹni tó fọkàn tán?

Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò gbà á.

Lọ́jọ́ Ajé, Nilda tó ń tọ́jú fáìlì fà á wọ yàrá oògùn, ó na ẹ̀dà lẹ́tà dókítà sí i.

"Kà á. Bí wọ́n bá bi ẹ́, afẹ́fẹ́ ló gbé e wá."

"Nilda, mo ti fọwọ́ sí i pé mi ò ní kà á."

"Dókítà náà ṣáà ní òun máa gbè ẹ́. Kà á jàre!"

Ofelia kà á. Ìlà kan ti tó: kò tíì gbó tó lẹ́nu iṣẹ́ láti dá aláìsàn wò.

Ofelia mú un lọ bá dókítà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ka ibí yìí sókè."

Dókítà kò kà á. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Bí o bá lọ fún ọdún méjì, Ofelia, ta ni yóò bá mi gbé ibí yìí ró?"

"Kí ló dé tí ẹ ò kọ ìyẹn?"

Dókítà dá gíláàsì náà padà sójú, ó fa fáìlì kan mọ́ra.

Gbogbo Ọjọ́rú ni dókítà máa ń lọ pẹja, tí Ofelia á sì dá àwọn aláìsàn wò. Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó jókòó láìyẹ ẹnikẹ́ni wò.

"Ọmọ mi," ni Bàbá Eusebio, ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn náà, wí, ó ń húkọ́, "ṣé o ò ní gbọ́ àyà mi ni? Àbí mo ti ń rùn?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Wọ́n ní mi ò tíì gbó tó. Dókítà ń bọ̀."

Nilda ti ránṣẹ́ sí etí odò. Dókítà wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ofelia fi ọwọ́ méjèèjì gbé fáìlì mẹ́tàlélógún fún un, ó padà sídìí fọ́ọ̀mù ọdún tó ń bọ̀. Dókítà ìlú kejì ni yóò kọ lẹ́tà tọ̀tẹ̀ yìí. Nígbà tó dé ibi àpótí kékeré náà, ó fò ó kọjá.