Ọ̀dà Tuntun Lára Ẹ́ńjìnì Àtijọ́

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í ṣe ẹni tí ẹ́ńjìnì lè fi ṣẹ̀sín. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí òdìkejì ọ̀sà, ẹ́ńjìnì àlòkù kan náà ló sì ń tì wọ́n lọ.

Lọ́dún yìí, àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ara wá yá, alága èbúté kọ orúkọ wọn padà sínú ìwé, àfi bí ẹ́ńjìnì ṣe yarí. Wọ́n fa okùn títí, kò ṣe bí ẹni pé òun gbọ́. Òfin èbúté wa ò sì mojú ẹnì kankan: ọkọ̀ tó bá pàdánù ipò rẹ̀ láti gbérò ní àárọ̀ mẹ́ta léraléra, ẹlòmíràn ló ni ipò náà nìyẹn. Àárọ̀ méjì ti lọ. Lọ́jọ́ kẹta, aago mẹ́wàá ni ipò wọn, aago mẹ́jọ sì ti kọjá.

Ẹ́ńjìnì wà lórí pákó nínú ṣọ́ọ̀bù mi, níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ. Mẹkáníìkì èbúté yọjú. Pààrọ̀-Ẹ̀ là ń pè é, nítorí oògùn kan náà ló ní fún gbogbo àìsàn ẹ́ńjìnì.

"Ìyá Ọlọ́kọ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ jàre. Ó ti gbó."

"Ìwọ náà ti gbó, ìyàwó ẹ ò sì tíì pààrọ̀ ẹ." Ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ gbójú sókè títí ó fi bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì kan, ohun tó ń tanná sí epo, wọ́n fi há ẹnu wáyà rẹ̀, wọ́n wá fi irin ìdí rẹ̀ ti ara ẹ́ńjìnì. Wọ́n ní kí n fa okùn. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ṣíji bò ó kí wọ́n lè rí iná tó bá ta. Kò sí iná. Èkejì, kò sí. Wọ́n fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i, òfo náà ni.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká kúkú yí gbogbo ẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà."

"Rárá o. Ohun kan lẹ́ẹ̀kan. Tó o bá yí méjì padà pọ̀, o ò ní mọ èyí tó wò ó sàn. Púlọ́ọ̀gì méjèèjì ò sì lè kú pọ̀. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni ká wò."

Wọ́n tú wáyà bọ́tìnnì tí a fi ń pa á, torí bí ìyẹn bá fara kan irin, iná ò ní wá. Mo fà á. Kò sí nǹkan kan. Ọwọ́ mi ti bó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bóyá ká gbọ́ ti Pààrọ̀-Ẹ̀."

"Fà á."

Mo tún fà á. Òfo.

Ó wá ku kọ́ìlì, ohun tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì méjèèjì. Wọ́n fi sípánà tú u, wọ́n yí i dojú dé, wọ́n sì fi èékánná ha ìdí rẹ̀. Ọ̀dà búlúù bó sílẹ̀.

Háà! Ṣé ẹ mọ̀ pé kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà? Èmi ni kòkòrò yẹn. Nígbà tí wọ́n wà lórí àìsàn, mo ra ọ̀dà, mo tú gbogbo ohun tó ṣeé tú lára ẹ́ńjìnì yẹn, mo sì kùn ún tinú tòde. Aránṣọ ni mí, mi kì í fi etí aṣọ sílẹ̀ láìṣẹ́. Mo kùn ún dé abẹ́ kọ́ìlì, níbi tó yẹ kí irin ti kan irin kí iná tó lè kọjá! Wọ́n sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n rí i. Wọn ò mọ̀ pé mo tú nǹkan kan.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Mo kùn ún débẹ̀. Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín."

Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n kàn na sánpépà sí mi.

"Ìwọ lo kùn ún. Ìwọ ni wàá ha á."

Mo ha á bí ẹni ń gbẹ̀san, títí irin fi funfun. Wọ́n dè é padà. Mo fà á. Iná búlúù ta pàrà! Mo kígbe débi pé Pààrọ̀-Ẹ̀ sáré wọlé. Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la gbé ẹ́ńjìnì dé ìdí ọkọ̀, mo sì jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dà fún un lójú ọ̀nà. Alága ti ṣí bírò láti fagi lé orúkọ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi fa okùn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó dáhùn, èrò sì ń wọkọ̀.

"Ìyá Ọlọ́kọ̀," Pààrọ̀-Ẹ̀ pariwo, "tẹ́ ẹ bá dé, ẹ ha gbogbo ọ̀dà yẹn dànù o!"

Wọ́n ti kúrò létí èbúté. Wọ́n yíjú padà.

"Ẹni tó bá fọwọ́ kan ọ̀dà àbúrò mi, èmi àti ẹ̀ ni!"

Mo jókòó sórí pákó èbúté, mo sì bú sẹ́kún.