Ìgò Omi Àdúrà Lórí Ìlà Ibùdókọ̀ Òrè

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Odígbó, inú ìwé nìkan ni mo ti mọ ọkọ̀ ojú irin. Ojú irin kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ibùdókọ̀ Òrè ni tiwa, ní oríta tí ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Bìní àti ọ̀nà Oǹdó ti pàdé. Àwọn àgbà sọ fún wa pé abẹ́ igi kan ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo fi gbọ́njú, wọ́n ti kọ́ ilé páànù kan síbẹ̀, wọ́n sì to bẹ́ǹṣì gígùn sínú rẹ̀ fún àwọn èrò.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kò mọ ìgbà ọ̀wọ́n yẹn. Ìjọba ológun ló wà lórí oyè. Táyà kò sí, ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà Oǹdó kò ju mẹ́ta lọ, ṣọ́jà sì ti pàṣẹ pé gbogbo èrò gbọ́dọ̀ tò sórí ìlà. Nítorí pé ìlà náà máa ń pẹ́, àwọn ènìyàn wa dá ọgbọ́n kan: ẹrù ẹni ni yóò dúró lórí ìlà, ẹni fúnra rẹ̀ á lọ jókòó sí ìbòòji. Bí ìlà bá sún, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ á bá ọ sún ẹrù rẹ síwájú. A kì í rẹ́ ara wa jẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ ṣe ìdánwò ìwọlé sí ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ní Oǹdó, èmi àti ìyá mi tètè dé Òrè. Aago mẹ́wàá ni ìdánwò. Ẹni tó bá pàdánù rẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ ìjọ aládùúrà ni wá. A kò ní ẹrù, nítorí náà ìyá mi gbé ìgò omi tí wòlíì gbàdúrà sí, tó so aṣọ funfun mọ́ lọ́rùn, sórí ìlà. A wá lọ sẹ́yìn ilé páànù láti ka Sáàmù.

Àṣìṣe wa nìyẹn. Nígbà tí ọkọ̀ dé, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kan omi àdúrà. Wọ́n ń yà fún un, wọ́n ń kọjá. Nígbà tí a fi padà dé, ọkọ̀ ti kún, ìgò nìkan ló dúró.

Ìyá mi ní, “Ta ló kọjá ìgò mi?”

Obìnrin onígaàrí kan dáhùn láti ojú fèrèsé ọkọ̀ pé, “Ìyá aládùúrà, ta ni yóò máa ti omi Ọlọ́run kiri bíi garawa? Ọwọ́ mi ò mọ́ tó bẹ́ẹ̀.”

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo bú sẹ́kún.

Bàbá tó ń bójú tó ìlà, mùsùlùmí ni, bi wá ohun tí a ń sáré lọ ṣe. Ìyá mi sọ fún un. Ó kọjú sí ọkọ̀, ó ní, “Ìgò yìí ló ṣe ìkẹrin lórí ìlà. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ ara rẹ̀.”

Nígbà tó yá, bàbá àgbẹ̀ kan láti Omifúnfún sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó ní, “Èmi ni. Ẹ̀rù ló bà mí. Àwọn àna mi ti ń retí mi láti èṣí, wọ́n lè retí mi di ọ̀sán. Ọmọ, wọlé.”

Àyè ẹnì kan ni, èmi nìkan ni mo wọlé. Obìnrin onígaàrí yẹn ló fà mí lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Mo yege, mo di olùkọ́, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí dòní.

Ilé páànù náà kò sí mọ́. Ọ̀kadà pọ̀, ọkọ̀ pọ̀, ìlà ló wọ́n. Ìgbà yẹn nira, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí ọ̀dọ́ tó fi ìgbọ̀nwọ́ ti arúgbó kúrò lẹ́nu ọkọ̀, ohun tí mo rí bí ọkọ̀ wa ṣe ń lọ ní àárọ̀ yẹn ni mo máa ń rántí: ìyá mi àti bàbá àgbẹ̀ náà lórí bẹ́ǹṣì kan, ìgò omi àti ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì dúró níwájú ìlà, wọ́n ń retí ọkọ̀ mìíràn.