Ife Tí Ìyàwó Mi Ń Tutọ́ Sí

Ife onídèérí kan ni ìyàwó mi ń gbé kiri nígbà tó lóyún, torí itọ́ kì í dá lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá pòṣé, á rẹ́rìn-ín: "Dádì, ẹ bá ọmọ yín wí, òun ló ń tutọ́!"

Lọ́jọ́ kan, itọ́ náà dá. Inú mi dùn, èmi bíríkìlà tí kò lẹ́gbẹ́ ní Mowe, mo ra súyà fún un. Ó jẹ ẹ́ tán láìtutọ́.

Nígbà tí a lọ ṣe síkáànì, nọ́ọ̀sì ní ọkàn ọmọ náà kò lù mọ́.

Látìgbà náà ni ìyàwó mi ti wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ifọ̀. Èmi tí mò ń gbé búlọ́ọ̀kù méjì lẹ́ẹ̀kan, n kò tíì lè gbé ife yẹn kúrò lójú wíńdò.