Àfikún Tí Kò Bàjẹ́ Rí

Ọdún mẹ́fà ni mo fi tọ́jú àfikún ètò kọ̀ǹpútà kan ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì tí mo wà ní Sángo, ẹnì kan ò kí mi kú iṣẹ́ rí. Èmi ni mo kọ ọ́. Òun ló ń ka ìwọ̀n páálí láti orí òṣùwọ̀n, tó ń gbé e fún ètò kọ̀ǹpútà wa. Ọdọọdún ni àwọn tó ni èdè kọ̀ǹpútà tí a fi kọ ètò náà ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde, tí wọ́n bá sì yọ àṣẹ kan kúrò, wọn kì í bi àwa tí a kọ àfikún léèrè. Nítorí náà, bí ẹ̀dà ìdánwò bá ti jáde, mo máa ń dán àfikún mi wò lórí rẹ̀, màá tún ibi tó bá fọ́ ṣe kí ẹ̀dà gidi tó dé. Nǹkan kan kì í bàjẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn.

Lọ́dún yìí ọ̀gá fẹ́ yan olórí fún ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wa. Àwa méjì péré ló kàn: èmi, àti ọmọbìnrin kan tó ń ti Ìjòkó wá, tí kò tíì lo ọdún kan. Ẹ̀dà ìdánwò fi hàn mí pé wọ́n ti yọ àṣẹ tí àfikún mi gbára lé. Mo tún un ṣe, mo sì jókòó lé e. Ọmọbìnrin náà ni yóò gbé ẹ̀dà gidi sórí ẹ̀rọ; mo ní kó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, á wá bẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ Ajé ó gbé ẹ̀dà tuntun sórí ẹ̀rọ. Òṣùwọ̀n dákẹ́. Páálí kún dé ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó ẹrù bi wá pé, "Ṣé kọ̀ǹpútà yín ń gbààwẹ̀ ni?"

Ọmọbìnrin náà wá bá mi. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe é?"

"Ṣebí ìwọ lo gbé e síbẹ̀. Wò ó dáadáa."

"Ó dáa, sà."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, òṣùwọ̀n ti ń sọ̀rọ̀.

Lọ́dọ̀ wa, a máa ń gbàdúrà lẹ́nu géètì ká tó tan ẹ̀rọ. Bí Mùsùlùmí bá ṣe é lónìí, Kìrìsìtẹ́nì ló kàn lọ́la. Lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe ṣàmín tán, ọ̀gá pe ọmọbìnrin náà síwájú, ó ní ọmọ yìí ló yọ wá, òun sì ni olórí ẹ̀ka láti òní. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Obìnrin kan láti ibi tí wọ́n ti ń di bisikíìtì fi ìgúnpá gbún mi. "Bọ̀dá, àbí ọwọ́ ń dùn yín ni?"

Mo pàtẹ́wọ́.

Mo wá ṣí ohun tó kọ, mò ń wá àléébù. Àtúnṣe tèmi tí mo jókòó lé lé ní ogójì ìlà, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló sì bá mu. Tirẹ̀ ò ju mẹ́sàn-án lọ. Ó kọ́kọ́ ń wò bóyá àṣẹ náà wà kó tó lò ó, ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà àtijọ́ àti tuntun. Lókè pátápátá ó kọ ọ́ pé èmi ni mo ni àfikún, pé òun kàn tún ibì kan ṣe ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pa tèmi rẹ́.