Omi Tí Wọ́n Fi Fọ Ìwé Ọba

Ìwé náà wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù yàrá wa ní Langley Park, nílùú òyìnbó, a fi aṣọ funfun wé e. Bàbá ọkọ mi ló fi í sílẹ̀ fún ọkọ mi. Ìwé Lárúbáwá àtijọ́ ni, ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì ti pẹ́ débi pé kò sẹ́ni tó mọ ọba tí wọ́n kọ ọ́ fún. Wúrà ni wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí etí ojú ewé rẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ pupa àti búlúù. Apá kìíní ń kọ́ ọba bí yóò ṣe ṣèlú: irú ẹni tó yẹ kó máa gbà á nímọ̀ràn, bí yóò ṣe dá ẹjọ́, ohun tí kò gbọdọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Apá kejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìràwọ̀, hàntú, àti tábìlì nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣírò orúkọ ẹni méjì láti mọ èyí tí yóò borí ìkejì.

Apá kìíní ni ọkọ mi fẹ́ràn. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á máa kà á, á máa túmọ̀ rẹ̀ fún mi bí mo ṣe ń gé ẹ̀fọ́. Tó bá dé ibi tábìlì, ṣe ló máa ń ṣí i kọjá.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ akẹ́rù kan kọlù wá lórí ọ̀nà márosẹ̀ Beltway, nítòsí Forestville. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ ọkọ mi ló ti kọlù wá. Ó kú. Tèmi, egungun ìhà ló dá, mo sì padà wálé. Ìyẹn gan-an ni àwọn ẹbí rẹ̀ kò dárí rẹ̀ jì mí.

Mo ṣì ń ṣe opó, n kì í jáde, nígbà tí àbúrò rẹ̀ wá láti Lanham ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òun àti aáfáà kan tí n kò mọ̀ rí. Mo ju àbúrò yìí lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ilé ni mo bá a, nítorí náà ọkọ mi ni mò ń pè é.

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi. Kí ni kí n gbé fún yín?"

"Nínú ilé yìí? Ìwọ lò ń se oúnjẹ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé o rí i níbí? Gbé ìwé wá."

Ó fi ṣéènì há ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Mo gbé ìwé wá. Aáfáà ṣí ibi tábìlì, ó béèrè orúkọ mi àti ti olóògbé, ó ṣírò, ó tún un ṣírò.

"Orúkọ ìyàwó ló borí ti ọkọ," ó ní.

"Ṣé ẹ rí i? Ó ti mọ̀ kó tó wọ mọ́tò!"

"Ọkọ mi, mi ò lè ka kéwú."

"Ẹ̀gbọ́n mi ń kà á fún ọ. Gbogbo wa la mọ̀."

Òótọ́ ni. Lójú tirẹ̀, mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ó pe ìyá wọn, tí mò ń pè ní Màámi, ní Ìbàdàn, ó ṣí fóònù kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Ẹ fọ ọ́ fún un kó mu," Màámi ní. "Tí kò bá pa ọmọ mi, omi lásán ni. Tó bá pa á, yóò rí i."

Ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé Mùsùlùmí mọ omi hàntú. Aáfáà á fi tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ sí ara wàláà onípákó, á fi omi ṣàn án, aláìsàn á mu ún. Mo mu púpọ̀ ní kékeré, wọ́n máa ń fi oyin sí i. Ṣùgbọ́n ìwé kì í ṣe wàláà. Àbúrò ọkọ mi fi ọ̀bẹ ìdáná mi gé ojú ewé tábìlì náà kúrò, ó rì í sínú abọ́ funfun mi, ó ń fi àtàǹpàkò ha á.

"Ẹ rọra, Alhaji," aáfáà ní. Kò gbọ́. Wúrà léfòó. Àwọ̀ pupa yòrò, omi náà sì dà bí omi tí a fi fọ ẹran. Òórùn rẹ̀ kò dára.

"Mu ún."

Bí mo bá mu ún, n kò mọ ohun tó lè ṣe mí. Bí n kò bá mu ún, apànìyàn ni mí nìyẹn. Mo wá rántí ohun kan tí ọkọ mi kà fún mi: ọba kò gbọdọ̀ mu ohun tí ẹni tó gbé e wá kò kọ́kọ́ tọ́ wò.

"Màá mu ún, ọkọ mi. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

"Èmi? Ṣé èmi ni mo pa á ni?"

"Omi lásán ni fún ẹni tí kò pa á. Màámi ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ó gbé abọ́ náà sún mọ́ ẹnu, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo aáfáà. "Aáfáà, ẹ bá mi tọ́ ọ wò."

"Èmi tí mo ní ìyàwó àti ọmọ nílé?" Aáfáà ti ń wá bàtà rẹ̀.

"Ṣé ó ti mu ún?" ni Màámi ń béèrè nínú fóònù. Àbúrò ọkọ mi pa fóònù, ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó ki ìwé mọ́ abíyá.

"Gbogbo mọ́sálásí ló máa gbọ́ pé o kọ̀ ọ́," ó ní, wọ́n sì lọ.

Wọ́n gbọ́. Obìnrin tó máa ń gbé ọbẹ̀ wá fún mi kò wá mọ́. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n wá náà, Màámi pe fóònù mi fúnra wọn.

"Ṣé o mu ún?"

"Mi ò mu ún, Màámi."

"Àbúrò ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Àwọn náà ò mu ún, mà."

"Bí òun náà bá sá fún un, dà á nù," wọ́n ní. "Má sì pè mí mọ́."

Mo dà á nù. Nígbà tí mo ṣe opó tán, mo kó kúrò ní Langley Park. Ibi tí mo kó lọ, n kò ní kọ ọ́ síbí, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má baà wá mi wá.