Bí Mo Ṣe Túfọ̀ fún Bàbá Stan

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ro ẹjọ́ ara mi níwájú yín. Ó ti pé oṣù méjì báyìí, ọkàn mi kò tíì balẹ̀.

Ìwé ni mo ń kọ nípa ogun tí wọ́n jà nínú yìnyín ní igbó Ardennes, ní ilẹ̀ Belgium, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ sópin. Auntie Sidi, ará Ìjẹ̀bú tó ń ṣiṣẹ́ carer ní Thamesmead, nílùú ọba níbí, ló sọ fún mi pé òyìnbó arúgbó kan tí òun ń tọ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún Southmere wà lójú ogun náà. Inú mi dùn tó!

Bàbá Stan ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó sọ fún mi pé ilẹ̀ dì gbagidi, ṣọ́bìrì kò wọ̀ ọ́; pé ṣe ni àwọn ń ki búrẹ́dì bọ abíyá kó tó ṣeé jẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó kàn án láti lọ bu tíì wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú fún òtútù. Wilf, ọ̀rẹ́ rẹ̀, gba kẹ́tùlù lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ dípò rẹ̀. Kò padà. Stan kò sì wádìí títí ogun fi parí, àti lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ìdáhùn ń ba òun.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ogbó ti ń da iyè rẹ̀ rú nígbà mìíràn, ó sì ti wá ń bèèrè. Lójoojúmọ́, ife tíì méjì ni Auntie ń gbé kalẹ̀, ọ̀kan fún Wilf. Bàbá á bi í bóyá Wilf ti dé.

"Ó ń bọ̀, Daddy. Yìnyín ló dá a dúró. Ẹ jẹun ná."

Bàbá á sì jẹun.

Inú bí mi! Irọ́ kọ́ nìyẹn? Mo wá orúkọ Wilf nínú àkọsílẹ̀ ibojì àwọn ọmọ ogun. Mo rí ìlà ibojì rẹ̀ àti ọjọ́ tó kú, mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo gbé e síwájú bàbá. Mo rò pé ìsinmi ni mo gbé fún un.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ìka lé ọjọ́ náà, ó ní òwúrọ̀ tíì nìyẹn. Ó ní, a jẹ́ pé Wilf kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Ó da ife kejì dojú dé, ó kọjú sí ògiri.

Auntie fà mí wọ kíṣìnnì. "Ọ̀mọ̀wé! Ṣé bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ nílùú yín nìyẹn? Bébà lẹ fi túfọ̀ fún arúgbó tí kò tíì jẹun?"

Mo ní ṣebí òyìnbó ni, àwọn kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́.

"Òyìnbó ò kí ń sunkún, àbí?"

Ìgbà náà ni mo rántí tèmi. Nígbà tí bàbá tèmi kú ní Ìbàdàn, wọ́n kọ́kọ́ ní ara rẹ̀ kò yá ni. Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà méjì wá bá mi nílé ní Abbey Wood níbí. Wọ́n bèèrè bóyá mo ti jẹun, wọ́n sì dúró kí n jẹ tán kí wọ́n tó lanu. Èmi tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún!

Bàbá Stan kò bèèrè Wilf mọ́. Auntie ń gbé oúnjẹ wọlé, ó ń gbé e jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ tọrọ àforíjì. Kò yíjú sí mi. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi kú. Dókítà ní àyà ni, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bi Auntie bóyá èmi ni mo fà á, ṣe ló kó ife méjèèjì lọ fọ̀. Àwa mẹ́rin péré la sin ín ní Woolwich.

N kò sọ pé irọ́ dára. Ohun tí mo kọ́ ni pé òtítọ́ ní bí wọ́n ṣe ń gbé e wọlé tọ ènìyàn, yálà dúdú ni o tàbí funfun. Àti pé ẹni tó yàn láti má wádìí ọ̀rọ̀ mọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ǹjẹ́ ẹnìkan wà nínú yín tó ti sọ òótọ́ tó yẹ kó ní sùúrù fún rí? Kí lẹ ṣe lẹ́yìn rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Mo fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ń sùn.